Etí Olórin: Agbóhùnsétí tí Apá Ẹgbẹ́ Kékeré Ká

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí òkú àgbà, ìgbéyàwó àti ọdún ìlú bá ń tẹ̀ lé ara wọn láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Àjàṣẹ́, ìgbà náà ni ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ olórin wa máa ń dí. Ẹgbẹ́ ẹni mẹ́fà tàbí méje ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: akọrin kan, elégbè kan tàbí méjì, onígìtá, ẹni tó ń ta basse, ẹni tó ń tẹ dùùrù, ẹni tó jókòó ti ìlù òyìnbó tí a ń pè ní batterie, àti ọ̀kan tó gbé gángan kọ́ èjìká. Ẹ̀rọ wọn kò pọ̀, owó wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ariwo tí wọ́n ń jókòó sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń mọ́ kò kéré rárá.

Ẹni tó bá ti dúró nítòsí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ ìjà tó máa ń wà láàárín ohùn àti ohùn. Onílù á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ijó bá ti gbóná, á fi agbára kún igi. Onígìtá kò gbọ́ ohun tó ń ta mọ́, á yí ampli rẹ̀ sókè. Ẹni tó ń ta basse náà á yí tirẹ̀. Akọrin, tí kò ní ampli kankan nínú ọ̀fun, á bẹ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kó fi kún ohùn òun nínú retour, ìyẹn baffle ilẹ̀ tó dojú kọ ọ́. Wọ́n á fi kún un. Míkírò á tún gbọ́ ohun tí retour ń sọ, á dá a padà fún un, retour á tún dá a padà fún míkírò, baffle á sì ké híìì débi pé àwọn àlejò á fi ọwọ́ di etí. Kí òru tó kọjá, ohùn akọrin ti há, etí onílù ń hó, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun gbọ́ ara òun.

Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ olórin fi ń bèèrè nípa agbóhùnsétí, ohun èlò kékeré tí wọ́n ń rí létí àwọn gbajúmọ̀ nínú fídíò. Ìbéèrè wọn kò ju ẹyọ kan lọ: èwo ni a lè rà láì jẹ gbèsè? Ìdáhùn rẹ̀ la fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìtẹ̀jáde yìí.

Ohun tó jẹ́, àti ohun tí kò jẹ́

Bí a bá wo agbóhùnsétí, ó jọ écouteurs tí a ń fi gbọ́ orin lórí fóònù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ó máa ń wọ inú ihò etí pinpin, á sì dí i bí ìgbà tí ènìyàn fi òwú dí etí. Ariwo ìta á lọ sílẹ̀, ohùn tí olórin nílò á wá wọlé láì ní láti bá ariwo náà du àyè.

Ọ̀nà tí ohùn ń gbà dé ibẹ̀ kò ṣòro í yé ni. Míkírò àti ohun èlò orin gbogbo wọ inú ẹ̀rọ ìpohùnpọ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní table de mixage. Ẹ̀rọ náà ní ojú ọ̀nà ńlá tó ń gbé ohùn lọ sí baffle àwọn èrò, ó sì ní àwọn ojú ọ̀nà kéékèèké tí wọ́n kọ AUX sí lára. Lójú ọ̀nà AUX yìí ni retour ti ń gba oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá yọ retour kúrò níbẹ̀, tí a fi ampli kékeré kan tí a ṣe fún etí rọ́pò rẹ̀, tí a sì ki agbóhùnsétí bọ ampli náà, iṣẹ́ ti parí. Gbogbo ohun yòókù tí àwọn oníṣòwò ń pariwo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn àti ọ̀rọ̀ owó ni.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ nípa rẹ̀. Écouteurs aláìlókùn tó ń lo Bluetooth, bó ti wù kó wọ́n tó, kì í ṣe fún orí ìtàgé. Kí ohùn tó dé etí nípasẹ̀ Bluetooth, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kó o jọ, kó dì í, kó fi ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ kejì sì tú u. Ó rọrùn kí ìdúró yìí tó 0,15 ìṣẹ́jú-àáyá. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdúró 0,15 ìṣẹ́jú-àáyá dà bí ìgbà tí onílù jókòó sí nǹkan bíi mítà 50 sí akọrin. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ jó ijó kan náà. Agbóhùnsétí olókùn kò ní àlàfo yìí rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló sì kéré jù lówó.

Etí kò ní ìpààrọ̀

Kí a tó sọ̀rọ̀ ọjà, ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ àṣehàn lọ. Nínú etí olúkúlùkù wa ni àwọn irun tíntìntín wà tí ń sọ ìmìtìtì ohùn di ìròyìn fún ọpọlọ. Ariwo ńlá a máa pa wọ́n, díẹ̀díẹ̀, láì fa ẹ̀jẹ̀, láì fa ìrora tí ènìyàn lè tètè fura sí. Èyí tó bá kú kì í hù mọ́.

Òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ààbò iṣẹ́ ń lò rọrùn láti há sórí. Bí ariwo bá jẹ́ désíbẹ́lì 85, wákàtí 8 lóòjọ́ ni etí lè fara dà. Bí ó bá fi désíbẹ́lì 3 péré lé sí i, àkókò náà á di ìlàjì: désíbẹ́lì 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, 94, wákàtí kan, 97, ìṣẹ́jú 30, 100, ìṣẹ́jú 15. Batterie nìkan, nínú yàrá kékeré tàbí lábẹ́ àtíbàbà, lè kọjá désíbẹ́lì 100. Ẹ wá ro ti ẹgbẹ́ tó ń ṣeré láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di ìdájí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS lédè Faransé, ti kéde pé àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan káàkiri ayé ló wà nínú ewu dídi adití nítorí orin àti ariwo ìgbádùn. Ní ọdún 2022, àjọ náà gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ibi eré, pé kí ìpíndọ́gba ariwo má ṣe kọjá désíbẹ́lì 100 láàárín ìṣẹ́jú 15.

Agbóhùnsétí lè gba olórin lọ́wọ́ ewu yìí, nítorí pé bí etí bá ti dí dáadáa, ohùn kékeré tó fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tó ń gé ẹran lè gé ọwọ́. Ẹni tó bá fi í sétí tán, tó tún yí i sókè bí ẹni ń wá ìjà, ti gbé baffle kúrò nílẹ̀, ó ti gbé e sínú orí ara rẹ̀.

Àṣà kan wà tí a ń rí lára àwọn akọrin, pé kí wọ́n yọ ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀kan sétí, kí wọ́n lè gbọ́ àwọn èrò. Àṣà náà kò dára. Etí tó ṣí sílẹ̀ ń gba gbogbo ariwo ìtàgé. Èyí tó dí, olówó rẹ̀ á máa yí i sókè kó lè borí ti ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni etí méjèèjì ń bàjẹ́, ọ̀kan láti òde, ọ̀kan láti inú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìhó ayọ̀ àwọn èrò, kí ó jẹ́ kí wọ́n gbé míkírò kan síwájú ìtàgé, kí ó dojú kọ àwọn èrò, kí wọ́n sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sí AUX nìkan, kì í ṣe sí baffle ńlá.

Èdè wa ń béèrè etí

Ìdí kejì kan àwa tí a ń fi Yorùbá kọrin ju bó ti kan ẹlòmíràn lọ. Ohùn ló ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ ara wọn. Akọrin tí kò gbọ́ ara rẹ̀ á máa pariwo, ẹni tó sì ń pariwo, gbogbo ohùn rẹ̀ á máa gòkè. Ohùn ìsàlẹ̀ á sọnù, ohùn àárín á di ohùn òkè. Orin tó yẹ kó jẹ́ ìmọ̀ràn á di igbe lásán létí àwọn àgbà, àwọn ọmọdé tí a fẹ́ kí wọ́n ti inú orin kọ́ èdè kò sì ní mú nǹkan kan lọ sílé.

Gángan pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Onílù tó ń fa ọṣán gbọ́dọ̀ gbọ́ gbólóhùn tí akọrin sọ kó tó lè fèsì rẹ̀. Elégbè gbọ́dọ̀ gbọ́ ibi tí akọrin já orin sí kó tó gbà á. Bí ọ̀kan kò bá gbọ́ èkejì, ẹgbẹ́ ti tú, bí wọ́n tilẹ̀ jókòó pọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ṣùgbọ́n a kò ní sọ pé kí gbogbo onílù ilẹ̀ wa lọ di etí. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun ìyanu àjogúnbá, tó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ àjọ náà ní ọdún 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Níbẹ̀, onílù ń wo ẹsẹ̀ oníjó, ó ń gbọ́ irin tó ń dún ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, oníjó pẹ̀lú ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ìlù, àwọn èrò sì yí wọn ká tímọ́tímọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohunkóhun tó bá dí etí níbẹ̀ ti ba eré jẹ́. Ibi tí ampli, batterie àti baffle bá ti ń du àyè pẹ̀lú ohùn ènìyàn ni agbóhùnsétí ti wúlò. Ibi tí kò bá sí ìjà, a kì í pe onílàjà.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ owó. Iye tí a ó dárúkọ níhìn-ín, iye tí ó súnmọ́ ti ọjà ilẹ̀ Yúróòpù ni, nítorí pé yúrò kan kì í yẹ̀ kúrò ní 655,957 FCFA. Owó ọkọ̀ àti owó ibodè kò sí nínú rẹ̀. Kí olúkúlùkù fi kún un kó tó dá àjọ.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ ìpohùnpọ̀ yín, ẹ ka ojú ọ̀nà AUX tó ní. Iye AUX ló ń sọ iye ìpohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ẹ lè ṣe. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ohun kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ máa gbọ́, bí ẹ tilẹ̀ ra agbóhùnsétí ogún. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò kọ́kọ́ wo ibẹ̀, tí wọ́n fi ra ohun tí ẹ̀rọ wọn kò lè bọ́.

Ìpele kìíní ni ti ẹgbẹ́ tó ní AUX kan tàbí méjì. Ẹ wá ampli kékeré olójú mẹ́rin. Behringer HA400 jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀: ó kéré bí ìwé kékeré, ó ń lo iná ilé, ojú ihò ìwọlé rẹ̀ kan, ti ìjáde rẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó tí a fi ń yí ohùn rẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù á yí i sí ìwọ̀n etí tirẹ̀. Iye rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 15.000 FCFA lọ. Ihò ìjáde rẹ̀ jẹ́ ti jack ńlá, ti agbóhùnsétí sì jẹ́ ti kékeré, nítorí náà ẹ má gbàgbé láti ra ìdè tó ń so méjèèjì pọ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀ fún etí: ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Agbóhùnsétí tó dára tó fún ìbẹ̀rẹ̀ wà láti nǹkan bíi 16.000 sí 26.000 FCFA. Bí ọwọ́ bá tó o, Shure SE215, tí ọ̀pọ̀ olórin káàkiri ayé fi bẹ̀rẹ̀, ń lọ sí nǹkan bíi 65.000. Ẹ wá ṣírò ti ẹni mẹ́rin: ampli 15.000; agbóhùnsétí mẹ́rin ní 20.000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 80.000, okùn gígùn àti ìdè, ká fi wọ́n sí 20.000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 115.000 FCFA. Ẹgbẹ́ ẹni méje tó bá ń yọ 2.500 FCFA lórí ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan níbi eré kọ̀ọ̀kan á rí 17.500 kó jọ lẹ́ẹ̀kan, eré méje á sì ti kó gbogbo owó náà jọ.

Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbà á? Àwọn tó jókòó tàbí tó dúró sójú kan: onílù batterie, ẹni tó ń tẹ dùùrù, ẹni tó ń ta basse. Okùn kò dí wọn lọ́wọ́. Ẹnì kẹrin ni akọrin. Bí míkírò rẹ̀ bá jẹ́ olókùn, okùn kejì kò pa á lára: ẹ di okùn míkírò àti okùn agbóhùnsétí pọ̀ ní ibi mélòó kan, kí méjèèjì máa tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó ń lu gángan ni a ó yọ sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn àlejò, kí ó kì wọ́n, kí wọ́n sì náwó fún un. Ẹ ra ohun ìdíntí lásán fún un, èyí tí kò gbówó lórí, kí ó máa fi í sétí nígbà tó bá wà nítòsí batterie, kí ó sì yọ ọ́ nígbà tó bá ń kì àlejò.

Ìpele kejì ni ti ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí olúkúlùkù ní ìpohùn tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìpohùnpọ̀ ìgbàlódé bíi Behringer XR18 ní ihò míkírò 16 àti AUX 6. Kò ní kókó ìpohùn lójú. Orí fóònù tàbí tablette ni a ti ń darí rẹ̀ nípasẹ̀ Wi-Fi, olórin kọ̀ọ̀kan sì lè yí ìpohùn ara rẹ̀ láì pariwo sí ẹnikẹ́ni. Iye rẹ̀ wà ní àyíká 330.000 FCFA. Lẹ́yìn rẹ̀, ampli kékeré tí a ń fi há bẹ́líìtì, bíi Behringer P2 tó ń lo pile kékeré méjì, á gba nǹkan bíi 26.000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bótìnì kékeré kan wà lára P2 tó ní mono àti stéréo. Bí AUX yín bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ fi í sí mono, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí kan ṣoṣo ni ohùn máa wọ̀, ẹ ó sì rò pé ohun tí ẹ rà ti bàjẹ́.

Ẹ̀rọ tí a ń fi Wi-Fi darí ní àbùkù tirẹ̀. Níbi tí fóònù igba ènìyàn bá péjọ sí, Wi-Fi inú ẹ̀rọ náà lè dá. Kí ẹgbẹ́ ní routeur tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ ìdarí kan sì wà tí a fi okùn so mọ́ ọn, tí kò gbára lé afẹ́fẹ́.

Ìpele kẹta ni ti aláìlókùn, ìyẹn èyí tí gbogbo ọ̀dọ́ fẹ́ kọ́kọ́ rà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó jẹ́ ìkẹyìn. Èyí tó rọ̀ jù ń lo ìgbì 2,4 GHz, ìgbì kan náà tí Wi-Fi ń lò. Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ìdánrawò lọ́sàn-án, kí ó sì máa já nígbà tí àwọn àlejò bá dé pẹ̀lú fóònù wọn. Èyí tó ń lo ìgbì UHF ṣeé gbára lé jù ú lọ, ṣùgbọ́n ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lè gba 600.000 FCFA tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹnì kan ṣoṣo. Owó ẹnì kan yìí á ra ti ìpele kìíní fún ẹgbẹ́ márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ àlòkù wá wà níbẹ̀. Àwọn èrò máa ń kó ẹ̀rọ UHF àlòkù wá láti Yúróòpù, owó rẹ̀ á sì fani mọ́ra. Ẹ yí i padà, ẹ ka iye MHz tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbì láti 694 dé 862 MHz, tí tẹlifíṣọ̀n àti míkírò ń lò látijọ́, ti di ti fóònù alágbèéká ní apá ayé tí Yúróòpù àti Áfíríkà jọ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àlòkù náà ni wọ́n ń tà nítorí pé olówó rẹ̀ kò lè lò ó lọ́hùn-ún mọ́. Ní Benin àti ní Togo, àjọ tó ń jẹ́ ARCEP ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń bójú tó ìgbì afẹ́fẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni a ti ń bèèrè èyí tí òfin gbà kí a tó sanwó.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó bá etí mu

Àwọn oníṣòwò á máa ka iye ẹ̀rọ tíntìntín tó wà nínú agbóhùnsétí kan fún yín: márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá. Ẹ má jẹ́ kí iye náà tàn yín. SE215 tí a dárúkọ kò ní ju ẹyọ kan lọ ní etí kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni bí ó ṣe dí etí tó. Bí àlàfo bá wà, ohùn basse á kọ́kọ́ sá jáde, olórin á yí i sókè, ariwo ìta á sì máa wọlé.

Orí rọ́bà tàbí mousse tó máa ń bá agbóhùnsétí wá kì í jẹ́ ìwọ̀n kan: kékeré, àárín àti ńlá ni. Ẹ dán gbogbo wọn wò. Etí ọ̀tún àti ti òsì lè má gba ìwọ̀n kan náà. Ti mousse, ẹ fi ìka rọ́ ọ pọ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè díẹ̀, ẹ ki í bọ̀ ọ́, kí ẹ sì dúró kí ó wú padà. Bí ó bá dí dáadáa, ohùn ara yín á dún nínú orí yín bí ìgbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Bí ẹ bá mi orí, tí ẹ la ẹnu bí ẹni ń kọrin, tí ó sì bọ́, kì í ṣe ìwọ̀n yín. Ẹ yan èyí tí okùn rẹ̀ ṣeé yọ, nítorí pé okùn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ẹ kò sì ní ra odidi nítorí rẹ̀.

Agbóhùnsétí kì í ṣe ohun àjùmọ̀lò. Ampli lè jẹ́ ti ẹgbẹ́, okùn lè jẹ́ ti ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ etí, ti ẹnì kan ni. Àrùn etí a máa gba ibẹ̀ ràn. Lẹ́yìn eré, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn àti ìdọ̀tí etí kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sínú àpótí rẹ̀.

Ìdánrawò kí eré tó dé

A kì í gbé agbóhùnsétí tuntun lọ síbi òkú àgbà láì tíì fi dánrawò. Ó kéré tán, ẹ lò ó nínú ìdánrawò mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́, á dà bíi pé olúkúlùkù dá wà nínú yàrá tirẹ̀. Etí á mọ̀ ọ́n lára.

Kí gbogbo kókó wà ní òdo kí ẹ tó fi í sétí. Ohùn ara ẹni ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà ohun tó ń mú ìlù dúró, lẹ́yìn náà ohun tó ń sọ ibi tí orin wà, bíi dùùrù tàbí gìtá. Bí ohun kan kò bá dún tó, ẹ kọ́kọ́ dín èyí tó bò ó mọ́lẹ̀ kù kí ẹ tó fi kún un. Bí ẹ̀rọ yín bá ní limiteur, tí kì í jẹ́ kí ohùn fò kọjá ìwọ̀n, ẹ tàn án sílẹ̀, ẹ má sì pa á.

Ọ̀rọ̀ iná kan àwa níhìn-ín gidigidi. Bí kùránù bá lọ, tí wọ́n tan groupe, ẹ̀rọ ìpohùnpọ̀ máa ń dún gbàù nígbà tó bá jí. Nínú baffle, ìpayà ni. Nínú etí tó dí, ìpalára ni. Kí ó jẹ́ òfin nínú ẹgbẹ́ pé bí iná bá lọ, gbogbo ènìyàn á yọ agbóhùnsétí lójú ẹsẹ̀, wọn kò sì ní dá a padà títí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yóò fi gbé ọwọ́ sókè. Bí a bá ń tan ẹ̀rọ, ampli etí ni ìkẹyìn. Bí a bá ń pa á, òun ni àkọ́kọ́. Ẹ má sì tíì ta retour yín. Ẹ tọ́jú ẹyọ kan sẹ́yìn ìtàgé, kí eré má bàa dúró bí nǹkan bá ṣe agbóhùnsétí lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ kíyè sí kì í ṣe nínú etí yín. Ìtàgé á dákẹ́. Ariwo retour tó ń wọ míkírò á kúrò, ohùn tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn èrò á sì mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn àgbà tó jókòó níwájú á gbọ́ ọ̀rọ̀ orin, wọ́n á sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Onílù batterie nìkan ni ampli kò lè dín kù; òun ni kí ẹgbẹ́ bẹ̀, kí ó fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ lù ú, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ara rẹ̀ báyìí, kò sí ìdí fún un láti jà mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a mọ̀ pé aṣọ ẹgbẹ́, baffle tuntun àti fídíò ń bèèrè owó kan náà. Aṣọ gbó, a dá òmíràn. Baffle bú, a tún un ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: kí ẹgbẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀ níbi eré kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí olókùn, kí wọ́n máa gòkè ní ìpele ìpele. Olórin tó bá fẹ́ kọrin ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, láti ọmọ ogún ọdún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ etí.

Nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń gbé míkírò sí gángan, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè dé etí àwọn èrò bí ó ti rí gan-an.